Ìjì ààjà tó gbé táǹkì ọkọ̀ ojú irin: kí ló ń bí irú ìjì bẹ́ẹ̀, kí sì ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí?

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá ọdún 2025, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, National Weather Service, kéde pé ìjì ààjà tó jà ní Enderlin, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ North Dakota, ti gba ipò EF5. Kò sí ipò tó ga ju ìyẹn lọ, ìjì kankan kò sì gbà á mọ́ láti oṣù Karùn-ún ọdún 2013. Bí ìròyìn náà ṣe jáde báyìí ni ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú. Àwọn kan gbà pé ìjì ti ń le sí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn mìíràn ń béèrè pé ìjì tó jà ní oṣù Kẹfà, kí ló dé tó fi di oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó mọ bó ṣe le tó?

Ìbéèrè méjèèjì ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n wọn ò ní yé ènìyàn dáadáa bí kò bá kọ́kọ́ mọ bí ìjì yìí ṣe ń wáyé. Ẹni tó bá fẹ́ kí Ọya, kí ó kí i. Ìṣesí afẹ́fẹ́ la fẹ́ tú palẹ̀ níhìn-ín. Ìjì ààjà tí à ń sọ ni èyí tí òyìnbó ń pè ní tornado: afẹ́fẹ́ tó ń pòyì kíkankíkan, tí orí rẹ̀ so mọ́ ìkùukùu òjò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ ilẹ̀. Ààjà kékeré tó máa ń gbé ewé àti eruku yípo lójú pápá lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ kò sí lára rẹ̀, nítorí kò sí òjò lórí ìyẹn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní Enderlin?

Alẹ́ ọjọ́ ogún oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni, ilẹ̀ ti ṣú. Ìjì náà rin nǹkan bíi máìlì 12, ó sì fẹ̀ tó máìlì kan níbi tó ti fẹ̀ jù. Ènìyàn 3 ló kú. Nígbà tí àwọn tó lọ ṣàyẹ̀wò kọ́kọ́ débẹ̀, EF3 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Oko ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà tí ìjì náà gbà, ilé kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ilé tó wó ni wọ́n sábà máa ń wò kí wọ́n tó mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó.

Ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù kan ló yí ọ̀rọ̀ padà. Wágọ̀nù 33 ló kúrò lójú irin, àwọn kan nínú wọn sì kún fún ọkà bámúbámú. Inú oko ni wọ́n ti rí ọ̀kan lára àwọn táǹkì tó ṣófo, nǹkan bíi mítà 145 sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Táǹkì irú ìyẹn, bó tilẹ̀ ṣófo, ìwúwo rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bíi 30 tọ́ọ̀nù, kì í sì í ṣe pé ó yí gbirigbiri débẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló gbé e.

Ọkọ̀ ojú irin kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìjì. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ní láti jókòó ti ìṣirò: afẹ́fẹ́ tó yára tó báwo ló lè gbé irin tó wúwo tó báyìí kúrò nílẹ̀? Àwọn olùwádìí Northern Tornadoes Project ti Western University ní Kánádà wà lára àwọn tó bá wọn dá sí i. Èsì tó jáde ni pé eré afẹ́fẹ́ náà lé ní máìlì 210 ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 338. Ìṣirò yìí ló gbé ọ̀rọ̀ dé oṣù Kẹwàá.

Ọjọ́ náà tún ní ìtàn tirẹ̀. Ọjọ́ ogún oṣù Kẹfà ọdún 1957 ni ìjì ààjà mìíràn ba ìlú Fargo jẹ́, Fargo kò sì tó 100 kìlómítà sí Enderlin. Tetsuya Fujita, ọ̀mọ̀wé ará Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní University of Chicago, gba Fargo lọ, ó kó fọ́tò tí àwọn ará ìlú yà jọ, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì fi wọ́n to ìrìn ìjì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pe ẹ̀yà ara ìkùukùu ìjì lónìí, ibẹ̀ ló ti wá.

Ṣé òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ gbígbóná àti afẹ́fẹ́ tútù tó pàdé ló ń fà á?

Àlàyé tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, àmọ́ kò tíì dáhùn ìbéèrè. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ń wáyé ní Amẹ́ríkà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òjò lásán ló sì máa ń yọrí sí lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà mìíràn òjò náà ò tiẹ̀ rọ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá ju ìyẹn lọ. Wọ́n ń wo ọ̀rinrin nísàlẹ̀, èyí tó máa ń wá láti Ìyawọlẹ̀ Òkun Mẹ́síkò. Wọ́n ń wò ó bóyá afẹ́fẹ́ òkè tutù tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀, tó gbóná tó sì fúyẹ́, yóò fi lè gòkè láìdúró. Wọ́n ń wá ohun tí yóò tì í gòkè ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìhà tí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ń fẹ́ sí àti ìhà tí ti òkè ń fẹ́ sí, àti eré tí oníkálukú wọn ń sá. Wind shear ni wọ́n ń pe ìyàtọ̀ yìí, òun sì ni òjò lásán kì í ní.

Nǹkan kan tún wà tí kò gbọdọ̀ fò wá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná gbígbẹ láti orí ilẹ̀ gíga Mẹ́síkò máa ń tẹ́ sórí ọ̀rinrin náà, kò sì ní jẹ́ kó gòkè. Èèyàn lè rò pé ìyẹn ló dára. Òdì kejì rẹ̀ ni. Oòrùn á máa ràn láti àárọ̀, agbára á máa kó jọ nísàlẹ̀, kò ní rí ọ̀nà jáde. Tó bá wá di ọjọ́rọ̀, tí ibì kan ya, gbogbo agbára yẹn á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ojú ọ̀run fi lè mọ́ kedere ní aago méjì ọ̀sán ní Oklahoma, kí ìkùukùu tó ga ju kìlómítà 15 lọ sì wà níbẹ̀ kí aago márùn-ún tó lù.

Báwo wá ni òjò ṣe ń di ààjà?

Bí afẹ́fẹ́ tó wà nítòsí ilẹ̀ bá ń rọra fẹ́, tí èyí tó wà lókè rẹ̀ sì ń sáré gba ìhà mìíràn, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìdùbúlẹ̀ ni yóò máa yí, kì í ṣe ìdúró. Ẹ fojú inú wo ẹní tí a ká, tó wà nílẹ̀ gbalaja, tó ń yí gbirigbiri. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tó ń gòkè nínú òjò bá kàn án lágbedeméjì, á gbé ẹní náà dìde dúró. Òjò tó ní irú òpó tó ń yí bẹ́ẹ̀ nínú ni wọ́n ń pè ní supercell. Òpó náà lè fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́wàá, òjò náà sì lè máa rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìtú.

Ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń dákẹ́ síbí. Bẹ́ẹ̀ ohun tí a ṣàlàyé yìí kò tíì di ìjì ààjà, nítorí òkè ni òpó yẹn ń yí; afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lè má yí rárá. Nínú àwọn òpó tí rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì wo inú òjò láti ọ̀nà jíjìn, ń rí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ń bí ìjì ààjà. Mẹ́ta tó kù á rọ̀jò, wọ́n á sọ yìnyín, wọ́n á sì lọ.

Kí ló ń mú ìyípo náà dé ilẹ̀? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí ni pé afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ ṣe pàtàkì bíi ti èyí tó ń gòkè. Bí òjò àti yìnyín ṣe ń já bọ́, wọ́n ń mú afẹ́fẹ́ tutù, afẹ́fẹ́ náà á wúwo, á sì já sílẹ̀ lẹ́yìn ìjì náà. Bó ṣe ń jábọ̀ tó sì ń tàn kálẹ̀ ló ń gbé ìyípo tuntun dé ẹsẹ̀ ilẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá tutù jù, ó wúwo nìyẹn, kò ní lè gòkè mọ́, ìjì á pa ara rẹ̀ kú. Àmọ́ bí kò bá tutù púpọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gòkè lókè rẹ̀ á fà á, á nà án sókè. Bó ṣe ń nà ló ń tín-ín-rín. Bó sì ṣe ń tín-ín-rín ló ń yára. Ohun tó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yí lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní kìlómítà kan tàbí méjì á wá dì jọ sínú ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan.

Ìwọ̀n ìgbóná tó lé tàbí tó dín díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ ló lè pinnu bóyá ìlú kan máa sùn láàyè, tàbí kò ní sùn. Ẹ̀rọ díẹ̀ ló sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tó lè wọ̀n ọ́n.

Ọ̀wọ̀n dúdú tí à ń rí nínú fídíò kọ́ ni ìjì náà fúnra rẹ̀. Omi ni: afẹ́fẹ́ àárín ìyípo náà fẹ́lẹ́ gan-an, ó ń tutù kíákíá, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á sì di ìkùukùu. Afẹ́fẹ́ tó lè gbé ènìyàn lè ti wà nílẹ̀ kí ọ̀wọ̀n yẹn tó balẹ̀. Eruku àti pàǹtí tó ń yípo nísàlẹ̀ nìkan ni yóò tú u fó.

Ṣé láti òkè ló ti ń sọ̀kalẹ̀, àbí ilẹ̀ ló ti ń gòkè?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí fídíò rẹ̀ á sọ pé láti òkè ni. Ojú ń rí ọ̀wọ̀n tó ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ló tún kù? Àwọn onímọ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwádìí kan tó jáde ní 1999, tó lo rédà ńláńlá ti ìjọba, sọ pé bí ìdajì nínú àwọn ìjì tí wọ́n wò ló bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé rédà wọ̀nyẹn máa ń lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó yẹ ojú ọ̀run wò tán lẹ́ẹ̀kan. Ìjì ààjà lè bẹ̀rẹ̀ kó sì parí láàárín ìyẹn. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá gbé rédà sórí ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n ń lé ìjì kiri, tí wọ́n sì ń rí àwòrán tuntun láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Jana Houser, tó wà ní Ohio University nígbà náà, gbé èsì ìjì mẹ́rin kalẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọ̀kan nínú wọn ni ti El Reno ní Oklahoma, ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2013. Fídíò àti fọ́tò tí àwọn ènìyàn yà lọ́jọ́ náà fi hàn pé ìjì ti wà nílẹ̀ kí rédà tó rí ìyípo tó le lókè.

Àwọn tí kò tíì gbà pátápátá ní ìjì mẹ́rin kò tó láti fi dá gbogbo ìjì lẹ́jọ́. Ní University of Wisconsin, Leigh Orf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ńlá kan tún ìjì tó jà ní Oklahoma ní oṣù Karùn-ún 2011 dá. Ohun tí wọ́n rí ni pé odò afẹ́fẹ́ tútù kan wà lẹ́bàá ilẹ̀, tó ń yí bó ṣe ń ṣàn, tó sì ń já wọ abẹ́ ìjì náà. Èyí náà ń tọ́ka sí ìsàlẹ̀.

Ìdí tó fi yẹ kí ará ìlú bìkítà ni pé rédà kò rí ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ ayé tẹ̀, ìgbì rédà sì ń lọ tààrà, nítorí náà bó ṣe ń jìnnà ló ń ga sí i. Ẹni tó bá wà ní 100 kìlómítà sí rédà, ìgbì náà á ti kọjá lókè orí rẹ̀ ní ohun tó ju kìlómítà kan lọ. Bí ìjì bá wá ń bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, ìkìlọ̀ tó ń dúró de ohun tí rédà rí lókè á máa pẹ́. Bí wọ́n bá sì ń kìlọ̀ nítorí gbogbo òpó tó ń yí lókè, ìkìlọ̀ asán á pọ̀. Ó sì pọ̀ lóòótọ́: nínú ìkìlọ̀ mẹ́wàá, bíi méje ni ìjì ààjà kì í tẹ̀ lé. Ìkìlọ̀ tó bá ṣẹ sì máa ń ṣáájú ìjì pẹ̀lú nǹkan bí ìṣẹ́jú 13, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Amẹ́ríkà ló pọ̀ sí jù?

Nǹkan bí ìjì ààjà 1,200 ló ń jà níbẹ̀ lọ́dún, kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó sún mọ́ ọn. Òkè Rockies wà ní ìwọ̀-oòrùn, omi gbígbóná wà ní gúúsù, kò sì sí òkè kankan tó dábùú àárín tó lè dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ohun tí gbogbo ìwé ń sọ nìyẹn. Ní 2024, Funing Li àti Dan Chavas ti Purdue University fi nǹkan kan kún un: ó jọ pé títẹ́jú omi òkun tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kó tó wọ ilẹ̀ ṣe kókó. Gúúsù Amẹ́ríkà náà ní òkè ńlá, ó ní ọ̀rinrin, àmọ́ orí ilẹ̀ tó rí ṣágiṣàgi àti igbó ni afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ń gbà kọjá, ìyẹn sì ń dín ìyàtọ̀ eré afẹ́fẹ́ nítòsí ilẹ̀ kù.

Ìjì tó tíì pa ènìyàn jù lọ kò tilẹ̀ jà ní Amẹ́ríkà. Bangladesh ni, ní agbègbè Daulatpur àti Saturia, ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1989. Nǹkan bí ènìyàn 1,300 ló kú. Èyí tó burú jù ní Amẹ́ríkà, tó la ìpínlẹ̀ mẹ́ta kọjá ní oṣù Kẹta 1925, pa 695.

Kí ni ìtumọ̀ EF5, kí sì ni ìjà tó wà nídìí rẹ̀?

Fujita tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló gbé òṣùwọ̀n F jáde ní 1971. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ ni F yẹn. Ní 2007 ni wọ́n tún un ṣe, tó di EF. Láti EF0 dé EF5 ni, èyí tó bá sì kọjá máìlì 200 ní wákàtí kan ló ń gba EF5.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjì á ti kọjá kí wọ́n tó dé. Àwọn olùyẹ̀wò á wá máa rìn láti ilé dé ilé. Oríṣi nǹkan 28 ló wà nínú ìwé wọn, láti ilé gbígbé dé ilé ẹ̀kọ́ dé igi. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ògiri ti ṣí kúrò lórí ìpìlẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá bóòtù ni wọ́n fi dè é mọ́ kọnkéré tàbí ìṣó lásán. Bóòtù náà ńkọ́, ṣé wọ́n fi wásà àti nọ́ọ̀tù sí i? Ilé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè pòórá pátápátá, kí wọ́n fún ọ̀kan ní EF5, kí wọ́n sì fún èkejì ní EF3, torí pé ìṣó ni kọ́ńtírákítọ̀ èkejì lò.

Ibí ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ìjì El Reno ti 2013 fẹ̀ tó máìlì 2.6, kò tíì sí èyí tó fẹ̀ tó o nínú àkọsílẹ̀. Rédà orí ọkọ̀ rí afẹ́fẹ́ tó ń lọ sí máìlì 300 ní wákàtí kan nínú rẹ̀. EF3 ni ipò rẹ̀ títí dòní, nítorí pé pápá ló gbà kọjá. Ìjì tó ba Mayfield jẹ́ ní Kentucky ní oṣù Kejìlá 2021 pa ènìyàn 57, EF4 ni wọ́n fún un, máìlì 190 ni wọ́n kọ.

Joshua Wurman àti Karen Kosiba, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lé ìjì pẹ̀lú rédà, tẹ ìwádìí jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní 2021 pé ìjì máa ń le ju ipò tí wọ́n ń fún un lọ, ó máa ń ju ìpele kan lọ. Anthony Lyza àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tún sọ ní 2025 pé kì í ṣe pé ìjì EF5 lọ sinmi láti 2013. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba máàkì ló le jù. Àwọn tó di òṣùwọ̀n náà mú ní tiwọn ń sọ pé rédà kò lè wà nídìí gbogbo ìjì. Bí wọ́n bá fi rédà gbé ipò àwọn kan ga, tí wọ́n sì fi ilé wíwó díwọ̀n àwọn tó kù, àkọsílẹ̀ tó ti wà láti àádọ́rin ọdún sẹ́yìn á di èyí tí a kò lè fi wéra mọ́.

Ó lè jọ ìjà ọ̀mọ̀wé lásán, àmọ́ ó kan ilé kíkọ́. Lẹ́yìn tí ìjì Joplin ní Missouri pa ènìyàn tó lé ní 150 ní oṣù Karùn-ún 2011, tó sì ba ilé ìwòsàn ńlá kan jẹ́ níbẹ̀, ìwádìí ìjọba yọrí sí i pé, fún ìgbà àkọ́kọ́, ìlànà kíkọ́ ilé ní Amẹ́ríkà ní orí kan fún ìjì ààjà. Ilé bí ilé ìwòsàn àti ilé ìwé ló kàn jù. Èyí tí àwọn ẹnjiníà bá gbà pé afẹ́fẹ́ ìjì le tó ni wọ́n máa fi kọ́ wọn.

Kí ni ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ National Weather Service tí wọ́n dín kù ní í ṣe pẹ̀lú èyí?

Ẹẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n máa ń rán bàlúùnù lọ sókè ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibùdó káàkiri Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, ìgbóná, àti afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìpele. Ohun tó ń wọ̀n gan-an ni àwọn nǹkan tí a sọ lókè pé wọ́n ń bí ìjì. Ní oṣù Kẹta 2025, National Weather Service dá a dúró ní Omaha àti Rapid City, wọ́n sì dín in kù ní ibùdó mẹ́fà mìíràn, torí òṣìṣẹ́ kò tó mọ́ lẹ́yìn tí ìjọba Trump dá àwọn kan dúró, tí àwọn mìíràn sì fẹ̀yìn tì. Àwọn tó lọ lé ní 500.

Ní òru ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, ìjì EF4 jà láti Somerset dé London ní Kentucky, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ibùdó tó ń kìlọ̀ fún agbègbè náà, tó wà ní Jackson, wà lára àwọn tí kò ní òṣìṣẹ́ òru tó pé mọ́. Bí ìròyìn ṣe gbà á nìyẹn: wọ́n ní kò sẹ́ni tó kìlọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti pe òṣìṣẹ́ wọlé lóru ọjọ́ yẹn nítorí wọ́n ti rí i pé ọjọ́ náà máa burú, ìkìlọ̀ sì jáde. Àwọn alátakò ní ìyẹn kò yanjú ọ̀rọ̀, pé wọn ò lè máa pe ènìyàn láti ilé títí lọ. Ìjọba ní iṣẹ́ pàtàkì kankan kò dúró. Nígbà tó yá, wọ́n fún iléeṣẹ́ náà láyè láti gba nǹkan bí ènìyàn 450.

Ní ọjọ́ kan náà, ìjì EF3 gba St. Louis kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ti bàjẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú ni, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ ojú ọjọ́. Ìkìlọ̀ ti jáde, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tẹ fèrè ìkìlọ̀ ìlú. Mayor ìlú náà dá ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pàjáwìrì dúró.

"Watch" àti "Warning", èwo ni kí n sá fún?

Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Dallas, Houston, Atlanta àti Chicago ló máa ń béèrè èyí jù, torí ọ̀rọ̀ méjèèjì ló máa ń já lu fóònù. Bí ó bá jẹ́ Tornado Watch, ohun tó ń bí ìjì ti pé sójú ọ̀run. Ilé Storm Prediction Center ní Norman, Oklahoma, ló ń gbé e jáde, ó sì lè bo ìpínlẹ̀ méjì. Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ, ẹ má jìnnà sí fóònù. Bí ó bá jẹ́ Tornado Warning, wọ́n ti rí àmì rẹ̀ lórí rédà tàbí ẹnìkan ti fojú rí i. Ẹ dìde lọ́gán. Ilé abẹ́ ilẹ̀ ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ wọ yàrá kékeré tó wà láàárín ilé nísàlẹ̀ pátápátá, tí kò ní fèrèsé; ilé ìwẹ̀ máa ń wúlò.

Ẹ má ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà. Àlàyé àtijọ́ ni, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Abẹ́ afárá kò sì dáàbò bo ènìyàn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún 1999, nígbà tí afẹ́fẹ́ tó lé ní máìlì 300 ní wákàtí kan ń jà ní ẹ̀gbẹ́ Oklahoma City, àwọn tó sá sábẹ́ afárá wà lára àwọn tó kú. Afẹ́fẹ́ a máa yára sí i bó bá gba ibi tóóró kọjá.

Ṣé ìyípadà ojú ọjọ́ ló ń sọ ọ́ di púpọ̀?

Àwọn onímọ̀ kò tíì gbà pé ó ń pọ̀ sí i. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ kò péye, torí ní 1950 kò sí fóònù oníkámẹ́rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìjì kékeré tó jà nínú oko, kò sẹ́ni tó mọ̀. IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣàkójọ ìwádìí lórí ìyípadà ojú ọjọ́, pàápàá ní òun kò ní ìdánilójú púpọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tó hàn ni pé ibi tó ń jà ń yí. Victor Gensini àti Harold Brooks fi hàn ní 2018 pé ipò ojú ọjọ́ tó ń bí ìjì ń dín kù ní apá kan Texas àti Oklahoma, ó sì ń pọ̀ sí i ní Mississippi, Alabama, Tennessee àti Arkansas. Ìyẹn burú, nítorí ní gúúsù ìlà-oòrùn yẹn, ìjì máa ń jà lóru, igi kì í jẹ́ kí ojú ríran jìnnà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbé inú ilé onípákó alágbèéká.

Ìjì tó ń ká òrùlé nílẹ̀ wa ńkọ́, ṣé òun náà nìyẹn?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Àwọn atukọ̀ òyìnbó àtijọ́ ló ń pe ìjì etíkun wa ní tornado nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ta ọjà, orúkọ yẹn sì wọ inú ìwé jọ́gíráfì. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni ìjì tó máa ń ṣíwájú òjò ní oṣù Kẹta sí Karùn-ún: ìkùukùu dúdú tó tò láti ìbú dé ìbú, tó ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ tútù tó jábọ̀ nínú rẹ̀ á sì ya lọ tààrà níwájú òjò. Ó lè wó ilé, ó lè fa wáyà iná já, àmọ́ kì í yí. Nítòsí ìlà ìdajì ayé níbí, odò afẹ́fẹ́ líle ti òkè tó ń dá kún ìjì ààjà ní Amẹ́ríkà kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ òkè wa kì í sì í tutù tó ti wọn. Gúúsù Áfíríkà, tó jìnnà sí ìlà yẹn, ń rí ìjì ààjà lóòótọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó jà ní àdúgbò rẹ̀, kó wo igi àti páànù tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó kó wọn. Bí gbogbo wọn bá kọjú sí ìhà kan, tàbí tí wọ́n tàn kálẹ̀ láti ojú kan, afẹ́fẹ́ tó ya lọ tààrà tàbí tó já sílẹ̀ láti inú òjò ni. Bí wọ́n bá dábùú ara wọn lórí ọ̀nà tóóró kan, tí àwọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì kọjú sí àárín, afẹ́fẹ́ náà ń pòyì ni. Ọ̀nà yìí gan-an ni Fujita fi wo ilẹ̀ láti inú bàlúù lẹ́yìn ìjì, kó tó ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ tó já wálẹ̀ lójijì láti inú òjò ló kó bá ọkọ̀ òfurufú Eastern tó já ní New York ní oṣù Kẹfà ọdún 1975.